Alexander Duff: Ọdún Kìíní Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlú Calcutta

Nígbà tí àwa Kristẹni bá ń dárúkọ àwọn ajíhìnrere tí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, orúkọ William Carey ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Orúkọ Alexander Duff kì í tètè wá sí wa lọ́kàn. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ọkùnrin ará Skọ́tílándì yìí ṣe ní ìlú Calcutta, tí à ń pè ní Kolkata lónìí, wọ inú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Íńdíà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a kò fi lè sọ ìtàn ọ̀kan kí a má fọwọ́ kan èkejì. Ìgbésí ayé rẹ̀ gùn, ó sì kún fún ìrìn àjò àti ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọdún kìíní tí ó fi jẹ́ olùkọ́, láti oṣù Keje 1830 lọ, ni àwa fẹ́ dúró lé lórí jù. Ohun gbogbo tí ó ṣe lẹ́yìn náà, àti gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn fi kàn án, inú ọdún yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

A bí Duff ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọdún 1806, ní oko Auchnahyle, ní àdúgbò Moulin ní àgbègbè Perthshire. Ilẹ̀ olókè ni, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sì ni èdè ìyá àwọn ará ibẹ̀. Gaelic ni wọ́n ń sọ nínú ilé àti lóko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé ìwé fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí à ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1796, ọdún mẹ́wàá kí a tó bí i, Charles Simeon, àlùfáà láti Cambridge, wàásù ní Moulin, ìsọjí ńlá sì tẹ̀lé e. Àwọn òbí Duff wà lára àwọn tí iná ìsọjí náà ràn mọ́. James, bàbá rẹ̀, a máa sọ ìtàn àwọn ajíhìnrere àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì gbọ́ ìhìnrere fún un láti kékeré, tí ọ̀rọ̀ náà sì wọ ọmọ náà lára.

Ní ọdún 1821 ó wọ Yunifásítì St Andrews. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ Thomas Chalmers, oníwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Skọ́tílándì nígbà náà, níbẹ̀ náà ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa gbàdúrà fún iṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Ìjọ Skọ́tílándì ń wá ẹni àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò rán lọ sí Íńdíà, Duff ni wọ́n rí. A fi joyè àlùfáà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1829, ọmọ ọdún 23 ni. Ní ọdún kan náà ni ó fẹ́ Anne Scott Drysdale.

Ọkọ̀ òkun Lady Holland ni tọkọtaya náà wọ̀ ní oṣù Kẹwàá 1829. Ìwé bí 800 ni Duff kó dání, nítorí kò sí irinṣẹ́ mìíràn tí olùkọ́ ní. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1830, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta létí erékùṣù Dassen, erékùṣù kékeré kan tí kò jìnnà sí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ọlọ́run yọ gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n ẹrù bá omi lọ. Ẹyin ẹyẹ pẹngúìnì, tí ó pọ̀ jaburata lórí erékùṣù náà, ni wọ́n ń jẹ títí tí ìrànlọ́wọ́ fi dé láti Cape Town. Bí wọ́n ti wà níbẹ̀, atukọ̀ kan tí ń rìn létí òkun rí ohun kan tí ìgbì gbé wá sórí iyanrìn: Bíbélì Duff àti ìwé Sáàmù rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Nínú ìwé 800, ìyẹn ni ó kù. Duff kà á sí àmì láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run pé Ìwé kan ṣoṣo ni kí òun gbé síwájú, kí ẹ̀kọ́ yòókù máa jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀.

Wàhálà kò tíì tán. Ọkọ̀ kejì tí wọ́n wọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Moira, bá ìjì pàdé lẹ́nu odò Hooghly nínú oṣù Karùn-ún, ìjì náà sì gbé e gun ilẹ̀ ẹrẹ̀ létí erékùṣù Saugor. Nínú tẹ́ḿpìlì abúlé kan ni àwọn arìnrìn-àjò náà ti rí ibi forí pamọ́ sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1830 ni Duff àti aya rẹ̀ wọ Calcutta, láìsí ìwé, láìsí ẹrù. Ẹ wo irú ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹni tí a rán láti wá dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní!

Ìgbìmọ̀ tí ó rán an fún un ní àṣẹ kan tí ó yé e kedere: kò gbọdọ̀ fi Calcutta fúnra rẹ̀ ṣe ibùdó, ìgbèríko ni kí ó lọ. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ń rìn kiri nínú oòrùn àti nínú òjò, tí ó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń wo bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Bengali. Ohun tí ó rí ni pé bí ọmọ bá ti lè kàwé díẹ̀, yóò lọ, òmíràn yóò sì rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó pinnu láti ṣe òdìkejì àṣẹ tí wọ́n fún un. Nínú Calcutta gan-an ni òun yóò dúró, Gẹ̀ẹ́sì ni òun yóò fi kọ́ni, láti orí lẹ́tà A títí dé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, Bíbélì yóò sì wà nínú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́.

Gẹ́rẹ́ tí ó sọ èrò yìí jáde ni ó rí i pé òun nìkan ni òun wà. Bí ó ti kù díẹ̀ kí gbogbo míṣọ́nnárì tí ó wà ní ìlú náà takò ó tán. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tiwọn kò ní ìdí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ní Calcutta nígbà náà, iṣẹ́ akọ̀wé lọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ń wá; bí wọ́n bá ti gbọ́ èyí tí yóò gbé wọn dé ìdí tábìlì, ó tó wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ wá bá a ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìṣílẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáwọ́, kí ó má baà fi oníjìbìtì kún ìlú. Duff gbọ́ ọ dé òpin, kò sì yí ọkàn padà.

Ẹni méjì ni ó gbà á níyànjú, kò sì sí ẹni tí ìbá rò pé àwọn ni yóò jẹ́. Èkíní ni Carey, tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ọdún 36 ní ilẹ̀ náà, tí ó sì ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí títúmọ̀ Bíbélì sí Bengali àti àwọn èdè mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé èdè ìbílẹ̀ ni kí á dúró tì, òun ni. Duff lọ kí i ní Serampore, bàbá arúgbó náà gbọ́ ètò rẹ̀, ó sì súre fún un.

Ẹnì kejì kì í ṣe Kristẹni rárá. Ram Mohan Roy, ọ̀mọ̀wé ará Bengal, ni ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Brahmo sílẹ̀ ní 1828 láti máa sin Ọlọ́run kan láìsí ère, tí ó sì bá àṣà sísun opó mọ́ òkú ọkọ rẹ̀ jà títí tí Gómìnà Àgbà, Lord William Bentinck, fi fòfin dè é ní 1829. Kò sí onílé tí ó fẹ́ fi ilé rẹ̀ fún míṣọ́nnárì. Roy bá Duff gba gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú rẹ̀ ní òpópónà Chitpore, ó sì tún mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wá fún un. Àwọn márùn-ún ni.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1830 ni ilẹ̀kùn ṣí. Roy wà níbẹ̀. Duff dìde, ó fi ìwọ̀nba Bengali tí ó tíì gbọ́ gba Àdúrà Olúwa, lẹ́yìn náà ó pín ìwé Ìhìnrere fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Kíkùn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìwé mímọ́ àwọn Kristẹni ni, àwọn kì í sì í ṣe Kristẹni; bí àwọn bá kà á, ó lè sọ àwọn di ohun tí àwọn kò fẹ́. Roy ni ó dá wọn lóhùn. Ó ní òun ti ka Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun kò di Mùsùlùmí. Òun ti ka Bíbélì, òun kò sì di Kristẹni. Kí ni wọ́n wá ń bẹ̀rù? Kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì fúnra wọn ṣe ìdájọ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì kà á. Odindi oṣù kan ni àgbàlagbà náà fi ń wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní Bristol ní 1833. Àwa rò pé ó yẹ kí Ìjọ máa rántí pé ẹni tí kò gba ẹ̀sìn wa ni ó di ilẹ̀kùn yẹn mú kí ó má tì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ láti wọlé fi tó 300. Àyè 250 péré ni ó wà. Bí wọ́n bá ti rí Duff nínú àga tí àwọn ènìyàn fi ń gbé e kiri ìlú, àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a máa fi Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba àwọn, pé ọmọ dáadáa ni àwọn. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: ìfẹ́ ìhìnrere kọ́ ni ó ń sáré bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀la ni. Duff mọ̀, kò sì bínú sí i.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ògo kankan tí ojú lè rí. Ọmọ Yunifásítì St Andrews yìí, tí ó lè sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ń lo bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Yúróòpù tí ó wà ní ìlú rí i bí ìtìjú. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí yóò fi kọ́ wọn ni ó ń kọ, nítorí èyí tí ó wà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tirẹ̀ sì ti bá òkun lọ. Kò fẹ́ àkọ́sórí. Ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà, ọmọ a máa ka ohun tí kò yé e ní àkàtúnkà. Duff a máa béèrè ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá kà, yóò sì tún fi ìbéèrè tẹ̀ lé ìdáhùn, títí ọmọ yóò fi fúnra rẹ̀ rí ohun tí ó ń wí.

Ìtàn kan wà tí òun fúnra rẹ̀ sọ nípa àsìkò yìí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé kíkà mú kí ó béèrè ibi tí òjò ti ń wá. Ọmọ kan dáhùn pé láti inú ọwọ́jà erin òrìṣà Indra ni. Duff béèrè ẹni tí ó sọ fún un. Ó ní olùkọ́ òun nílé ni, ìwé mímọ́ ni òun náà sì ti kà á. Duff kò bá a jà. Ó ní kí wọ́n rántí ìkòkò ìrẹsì tí ó wà lórí iná nílé wọn. Kí ni ó ń jáde lójú omi tí ó bá ń hó? Kí ni ó máa ń wà lábẹ́ ọmọrí ìkòkò bí wọ́n bá ṣí i? Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ náà fúnra wọn tọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìkuukùu àti ẹ̀kán òjò, inú wọn sì ń dùn. Lójijì ni ọ̀kan nínú wọn fi ìbẹ̀rù kígbe: bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwé mímọ́ wa? Ọjọ́ yẹn ni Duff rí i pé ìmọ̀ lásán lè wó ilé ẹ̀sìn tí ìmọ̀ ayé wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwó ilé kì í ṣe kíkọ́ òmíràn, ọdún kìíní náà kò sì tíì parí tí èyí fi hàn sí gbogbo ìlú.

Nítorí kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Híńdù wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1817. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n ti ka ìwé àwọn onímọ̀ Yúróòpù, wọ́n sì ti kọ òrìṣà bàbá wọn sílẹ̀ láìrí ohun kankan fi rọ́pò. Olùkọ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀, Henry Derozio, tí kò ju ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ lọ, ni ó ń kọ́ wọn láti máa bi ohun gbogbo ní ìdí. Ní oṣù Kẹjọ 1830, Duff àti àwọn míṣọ́nnárì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alẹ́ fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ nílé Duff. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ kejì ni ìlú dàrú, àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi òfin de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn láti má ṣe lọ mọ́, wọ́n sì ní láti dá a dúró. Ní 1831 wọ́n mú kí Derozio kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀; kí ọdún náà tó parí, àìsàn ti pa á ní ọmọ ọdún 22.

Ní òpin oṣù méjìlá àkọ́kọ́, Duff ṣe ìdánwò gbangba. Àwọn ará Yúróòpù wá wò ó, àwọn míṣọ́nnárì tí ó takò ó náà wá. Àwọn ọmọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lọ́dún tí ó kọjá ń ka Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè láti inú Bíbélì, ìdáhùn wọn kì í sì í ṣe ti àkọ́sórí. Láti ọjọ́ náà ni àtakò ti rọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a kọ́kọ́ rì bọmi láàrin ọdún yẹn. Ọdún 1832 ni ìkórè dé, kò sì dé bí ayọ̀ lásán. Krishna Mohan Banerjee, ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìran Brahmin, tí í ṣe ìran àlùfáà ilẹ̀ náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Híńdù. Ní oṣù Kẹjọ 1831, nígbà tí kò sí nílé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ẹran màlúù, tí í ṣe èèwọ̀ ńlá, nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì ju èyí tí ó ṣẹ́kù sí àgbàlá aládùúgbò. Àdúgbò yarí. Òun tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n lé jáde kúrò nílé. Duff ránṣẹ́ pè é, ó jókòó tì í, wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ fún oṣù pípẹ́, ní oṣù Kẹwàá 1832 Duff sì rì í bọmi. Ó pẹ́ kí aya rẹ̀ tó lè wá bá a. Àwọn mẹ́rin ni ó gba ìrìbọmi láàrin 1832 àti 1833 nípasẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìdílé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ṣe owó rẹ̀. Banerjee padà di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà, kì í ṣe ti Ìjọ Skọ́tílándì; irú èyí kò ṣàjèjì nínú iṣẹ́ ìhìnrere, ẹnì kan a gbìn, ẹlòmíràn a sì ká a.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ pamọ́. Nígbà tí ìjọba Bentinck pinnu ní 1835 pé Gẹ̀ẹ́sì ni owó ètò ẹ̀kọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ fún, àpẹẹrẹ ilé ẹ̀kọ́ Duff wà lára ohun tí ó mú kí ó rọrùn láti gbà. Inú Duff dùn, ṣùgbọ́n ó bà á nínú jẹ́ pé ìjọba mú Gẹ̀ẹ́sì, ó fi Bíbélì sílẹ̀. Àwọn kan ti bú u láti ìgbà náà pé ó kọ ẹ̀yìn sí èdè àwọn ènìyàn. Àwa náà rò pé ẹ̀sùn yìí ní ìwúwo, pàápàá nígbà tí a bá rántí pé ọmọ ilẹ̀ Gaelic ni, tí ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí èdè ilé bí èdè ilé ìwé bá gba gbogbo àyè. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni Samuel Ajayi Crowther gbà: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá sì tẹ̀ lé e. A dúpẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Síbẹ̀ a kò lè sọ pé Duff kórìíra Bengali. Ó ní àyè nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, èrò rẹ̀ sì ni pé àwọn tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì mọ̀wé yóò padà fi èdè ìyá wọn kọ́ àwọn ènìyàn wọn.

Ìyókù ìgbésí ayé rẹ̀ ni a ó sọ ní ṣókí. Àìsàn lé e padà sí Skọ́tílándì ní 1834. Ó padà sí Calcutta ní 1840. Nígbà tí Ìjọ Skọ́tílándì pín sí méjì ní 1843, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá Ìjọ Òmìnira lọ, wọ́n sì fi ilé, ìwé àti ohun èlò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì. Ìgbà kejì nìyẹn tí ó pàdánù gbogbo ìwé rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ran ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́ ti 1854 àti ìdásílẹ̀ Yunifásítì Calcutta ní 1857 lọ́wọ́. Ní 1863 ó fi Íńdíà sílẹ̀ pátápátá, Anne sì kú ní 1865. Ní 1908 ni ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì tún di ọ̀kan. Scottish Church College ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Vivekananda, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, àti Subhas Chandra Bose, ajàjàgbara òmìnira Íńdíà, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, èyí tí kò sí nínú ètò Duff.

Ó kú ní Sidmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1878, a sì sin ín sí Edinburgh. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Lal Behari Day, ẹni tí bàbá rẹ̀ mú un láti abúlé wá sí ilé ẹ̀kọ́ Duff ní 1834 kí ó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì di Kristẹni àti àlùfáà, kọ ìwé ìrántí nípa olùkọ́ rẹ̀. Ní 1883 ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ níbẹ̀ kó àwọn àlọ́ ilẹ̀ Bengal jọ sínú ìwé kan, irú àwọn àlọ́ tí ìyá arúgbó kan máa ń pa fún un ní alaalẹ́ nígbà tí ó wà ní kékeré.